Bàálù Tó Ń Súfèé Lórí Oko Họ́ọ̀pù

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Clem Pockett fi wa bọ́ọ̀sì ní agbègbè Kent, kò sì sí ọmọ iléèwé tó gun bọ́ọ̀sì náà tí kò bi í ní ìbéèrè kan náà: "Bàbá Pockett, bàálù Jámánì mélòó lẹ fi ìbọn já bọ́ nígbà ogun?" Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ni. Bí ẹ bá ti bá a dé orí ọ̀rọ̀ ogun, ẹ ti gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nìyẹn. "Ọ̀kan ṣoṣo ló dá mi lójú," ni yóò wí, "ẹ jókòó kí n sọ ọ́ fún yín." Bọ́ọ̀sì á sì pẹ́ kó tó dé ibi tó ń lọ. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ lèmi náà ṣe fẹ́ sọ ọ́ yìí, àfi pé mo ti yọ èébú inú rẹ̀ kúrò, torí ẹnu bàbá náà ò mọ́ rárá.

Ọmọ ogún ọdún ni Clem ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1940. Sájẹ́ǹtì ni nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú tó ń fi bàálù Hurricane jà. Ọmọ olówó ló pọ̀ jù nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó ti ń fi bàálù ṣeré kí ogun tó dé rárá. Ti Clem yàtọ̀. Jabez Pockett, bàbá rẹ̀, ni olórí òṣìṣẹ́ ní oko họ́ọ̀pù kan, ewéko tí wọ́n fi ń mú kí ọtí bíà korò lẹ́nu. Oko yìí ló wá fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú pápá bàálù tí wọ́n gbé Clem wá. Igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbìn ṣe ọgbà nìkan ló dá wọn sí méjì. Ìjọba gbé ọmọkùnrin yìí yí ilẹ̀ England po láti kọ́ ọ níṣẹ́, wọ́n wá gbé e padà síbi tó ti lè gbọ́ ikọ́ bàbá rẹ̀.

Ikọ́ yẹn sì rọrùn láti gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ìyìn lọ lẹ́nu Jabez. Ọkùnrin gíga, ọlọ́wọ́ gbọọrọ ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ìgbà tí Clem wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, òun nìkan ló sì tọ́ ọmọ náà dàgbà, pẹ̀lú iṣẹ́ àti ìbáwí. Lọ́jọ́ Àìkú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà, Clem gbààyè lọ jẹun ọ̀sán nílé. Bàbá ń gé ẹran, kò gbójú sókè.

"Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tẹ́ ẹ ti ń pariwo lé oko mi lórí," ni Jabez wí. "Mélòó lo ti já bọ́?"

"Kò tíì sí, Bàbá."

"Kò tíì sí kẹ̀! Ṣé ẹ kàn ń jó epo ìjọba lókè lásán ni? Àwọn adìẹ mi ò yé mọ́ nítorí ariwo yín."

"Bàbá, ohun tó ń sáré là ń lé. Kì í dúró deni."

"Ehoro náà kì í dúró, mo sì ń pa á jẹ. Òun lò ń jẹ lẹ́nu yẹn."

Clem rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Láti kékeré, kò sí ohun tó fẹ́ láyé yìí ju pé kí bàbá rẹ̀ sọ lọ́jọ́ kan pé ó ṣe dáadáa. Jabez na ọ̀bẹ sí i.

"Ó dáa. Ìṣe yẹn tí àwọn ọmọ olówó ẹgbẹ́ yín máa ń ṣe, tí wọ́n bá ti pa ti wọn, ṣé ìwọ náà lè ṣe é?"

Ìṣe kan wà láàárín àwọn awakọ̀ òfurufú wọ̀nyí lóòótọ́. Ẹni tó bá já ọ̀tá bọ́, bó bá ń padà bọ̀, yóò fò kọjá lórí pápá nísàlẹ̀, yóò yí bàálù rẹ̀ dojú dé, yóò tún yí i dúró, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ó ti ṣe é. Òfin kò fọwọ́ sí i, kò sì sí ẹni tó ka òfin náà sí.

"Mo lè ṣe é," ni Clem dáhùn.

"Nígbà náà, lọ́jọ́ tó o bá já tìẹ bọ́, wá dojú ẹ̀ dé lórí oko mi. Màá dúró lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù kí n lè rí i. Bí n ò bá fojú mi rí i, má wulẹ̀ wá pìtàn fún mi."

"Ẹ ó rí i, Bàbá. Mo ṣèlérí."

Ẹlòmíì tún wà nínú ìtàn yìí tí ọ̀rọ̀ bàálù náà ká lára ju Clem gan-an lọ. Enoch Braddle, mẹkáníìkì rẹ̀, ni. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni Enoch, ó ti ja ogun àkọ́kọ́, irun orí rẹ̀ ti ń lọ, ó sì gbà pé òun ló ni Hurricane náà, pé ńṣe lòun kàn ń yá Clem lò. Kí bàálù tó gbéra, wọ́n á fi aṣọ pupa lẹ ẹnu ìbọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó wà nínú apá rẹ̀ pa, kí eruku àti òtútù má bàa wọlé. Ìbọn bá dún, ọta á fa aṣọ ya, atẹ́gùn á wá máa wọ ẹnu ìbọn tó ṣí sílẹ̀, bàálù á sì máa súfèé bó ti ń bọ̀. Àwọn mẹkáníìkì kì í dúró kẹ́nikẹ́ni ròyìn fún wọn. Ńṣe ni wọ́n máa ń dúró sórí koríko, tí wọ́n á tẹ́tí, tí wọ́n á sì mọ ẹni tó jà àti ẹni tí kò jà.

Ìgbà mọ́kànlá ni Clem ti gòkè, ìgbà mọ́kànlá ló sì padà wálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ pupa rẹ̀ tí kò ya rárá. Ìgbà mìíràn, ọ̀tá á ti lọ kó tó débẹ̀. Ìgbà mìíràn, wọ́n á kọjá lójú rẹ̀ bí ẹní fò, yóò sì máa wò wọ́n.

"Sájẹ́ǹtì," ni Enoch á wí, "aṣọ yìí ti ń gbó o. Ṣé kí n bọ́ ọ kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n Enoch, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Mo tiẹ̀ ń rò ó pé kí n fi rán kọ́tìnnì."

Gbogbo àwọn tó kù á bú sẹ́rìn-ín. Clem náà á rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á sì máa gbóná.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rín parẹ́. Denis Farrant, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí gbogbo ẹgbẹ́ fẹ́ràn, ń bọ̀ láti ojú ìjà, súfèé bàálù rẹ̀ ń dún gan-an. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un láti ilẹ̀. Ó fò wálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i dojú dé, apá òsì bàálù náà sì já. Ọta ti jẹ ẹ́ láti inú, òun kò sì mọ̀. Igun oko họ́ọ̀pù ló já sí, iná sì sọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọ̀gá Hathersage tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ kó gbogbo wọn jọ. "Ẹni tó bá tún dán an wò," ó ní, "bó bá kú, ó ti gba ìdájọ́. Bí kò bá kú, èmi fúnra mi ni màá jẹ́ kí ojú ẹ̀ rí màbo." Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn, ọmọ ogún ọdún ni wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíì tún yí tirẹ̀ ní abúlé kejì níbi tí ọ̀gá kò ti lè rí i. Mo ti gbé láàárín àwọn ará ilẹ̀ England yìí pẹ́, mo sì mọ̀ pé bẹ́ ẹ bá fòfin de nǹkan fún wọn, ẹ ti fi iyọ̀ sí i nìyẹn.

Enoch kò sọ ti òfin ní tirẹ̀. Ó mú Clem lọ́wọ́ lọ sábẹ́ apá Hurricane.

"Gbọ́ mi. Bàálù tó bá ti ojú ogun bọ̀, aláìsàn ni, títí èmi Enoch á fi yẹ̀ ẹ́ wò tí màá sọ pé ara rẹ̀ le. O ò lè da aláìsàn dojú dé. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí, ẹ̀gbọ́n."

Ẹnu kan náà ló fi ṣe ìlérí méjèèjì, kò sì sí bó ṣe lè mú méjèèjì ṣẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, tẹlifóònù dún nínú ahéré wọn. Akọ̀wé gbé e, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ó sì fi ohùn tó le kókó kígbe: "Ẹ gbéra!" Tíì dànù, àga ṣubú, eré wá bẹ̀rẹ̀. Clem sọ pé láyé òun, òun kò sáré tó bẹ́ẹ̀ rí. Enoch ti dáná sí ẹ́ńjìnnì, ó fa Clem sókè, ó dè é mọ́ ìjókòó, ó gbá a léjìká, ó ní, "Lọ ya aṣọ mi fún mi!" Lójú ìṣẹ́jú mẹ́ta, bàálù méjìlá ti kúrò nílẹ̀.

Wọ́n gòkè títí, títí oko họ́ọ̀pù fi dà bí ẹni pé wọ́n fi òòyà ya á. Òtútù mú Clem lẹ́sẹ̀, òógùn sì bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lójijì, ohùn Hathersage wọlé lórí rédíò, ó tutù bí ẹní ń bèèrè iyọ̀: "Mo rí wọn. Ọwọ́ òsì, lókè." Clem gbójú sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, ó ka ogójì, ó sì jáwọ́.

Bí ìjà òkè ṣe máa ń rí ni pé kò sí ẹni tó ń rí gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan, ẹ wà ní ìlà tó gún régé. Ìṣẹ́jú kejì, kò sí ìlà mọ́, bàálù ń gba òkè, ń gba ìsàlẹ̀, ń gba iwájú yín kọjá, kò sì sí ẹni tó ń dúró kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni àbí ọ̀tá. Clem ń yí ọrùn títí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ fi bó o lára. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ẹni tí kò rí ló wá dé láti ẹ̀yìn.

Ó gbọ́ ọ kó tó mọ̀ ọ́n. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sórí páànù, gbà-gbà-gbà, lójú apá òsì. Ó fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra, ó fẹsẹ̀ tẹ ìdarí ìrù, Hurricane sì yí lójú kan tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi kúrò lójú rẹ̀. Gbogbo ayé di eérú, ó di dúdú. Kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n kò dẹwọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ máa là padà, ará Jámánì tó ń lé e ti sáré jù, ó ti kọjá rẹ̀, bàálù Messerschmitt rẹ̀ sì wà níwájú Clem gedegbe, imú rẹ̀ yẹ́lò, ó sún mọ́ ọn débi tó fi rí orí ẹni tó ń wà á tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún láti wá a.

"Ó ń wá mi," ni Clem rò. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, ó sì ń wá mi!"

Ó tẹ ìbọn.

Ìbọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dún lẹ́ẹ̀kan náà, Hurricane fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n dì mú láyà, òórùn ẹ̀tù kún ibi ìjókòó. Ó rí iná kéékèèké tó ń tàn lára Messerschmitt, láti ìrù dé apá. Èéfín funfun yọ, lẹ́yìn náà ni dúdú. Nǹkan kan fò kúrò lórí rẹ̀, ènìyàn kan ṣubú jáde, aṣọ ńlá kan sì ṣí lórí ẹni náà bí agbòòrùn. Bàálù náà nìkan ló ń lọ sílẹ̀, lọ sílẹ̀, títí ó fi wọ inú òkun.

Ayọ̀ gbé Clem dé ibi tí kò mọ̀ rí. Ó kígbe, ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ń gbá ara rẹ̀ ní itan. "Bàbá!" ló ń pariwo. "Bàbá, ẹ wò ó! Ẹ wá wò ó, Bàbá!"

Ó ti gbàgbé pé rédíò rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

"Ta ló ń pe bàbá rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́?" ni Hathersage bèèrè. "Bàbá rẹ ò sí níbí. Pa ẹnu ẹ dé!"

Ẹlòmíì dá sí i, ó ní, "Màmá rẹ̀ náà ń kí wa o," ẹ̀rín sì gba rédíò kan. Nígbà tí Clem fi máa wo yíká, kò rí ẹnì kankan mọ́. Ọgọ́rùn-ún bàálù ló wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó kọjá, ojú ọ̀run wá ṣófo pátápátá. Ó dorí kọ ilé. Bó ti ń sọ̀kalẹ̀ ló gbọ́ ọ: ìbọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń súfèé. Ó ní kò sí orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí létí òun.

Ó rí òrùlé ṣónṣó ilé tí wọ́n ti ń gbẹ họ́ọ̀pù. Ó sọ̀kalẹ̀ sí i, kò ju igi gíga lọ mọ́. Oko kún fún àwọn ará London tó wá bá wọn já họ́ọ̀pù, obìnrin, ọmọdé, gbogbo wọn gbọ́ súfèé náà, gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń ju fìlà, wọ́n ń fò. Ó rí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ó rí Jabez lórí rẹ̀, gíga bó ṣe wà. Ẹ̀yìn ni Jabez kọ sí i.

Kì í ṣe pé kò gbọ́. Adití gan-an á gbọ́. Gbogbo oko ń wo òkè, bàbá rẹ̀ nìkan ló dúró gbagidi tó kọjú sí igi họ́ọ̀pù, tó gbórí wálẹ̀.

Inú bí Clem, irú ìbínú tí kò bí i sí ará Jámánì rárá. Ogún ọdún! Ó fò kọjá, ó yípo, ó tún ń bọ̀. "Ẹ ó wò mí," ló ń wí láàárín eyín. "Màá máa yí i lórí yín títí ẹ ó fi yíjú." Enoch kúrò lọ́kàn rẹ̀, Hathersage kúrò, Denis Farrant pàápàá kúrò. Kò sí ohun tó kù láyé ju ẹ̀yìn ọkùnrin kan lọ. Ó gbé imú bàálù sókè, ó sì ti ọ̀pá ìdarí sí òsì.

Apá bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ilẹ̀ fẹ̀gbẹ́ dúró. Nígbà náà ni nǹkan kan fà lọ́wọ́ rẹ̀, kékeré báyìí, bí ìgbà tí okùn bàtà fẹ́ já lọ́wọ́ ẹni tó ń so ó. Ọ̀pá ìdarí gbọ̀n, ó sì rọ̀. Ọwọ́ Clem ló mọ̀, kì í ṣe orí rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹní gbé ọmọ tó ń sùn, títí ilẹ̀ fi padà sí ìsàlẹ̀ níbi tó yẹ kó wà. Ìbínú náà ṣì wà nínú rẹ̀. Ó gùn ún balẹ̀ láìtún yí sọ́tùn-ún sósì.

"Ó súfèé!" ni Enoch ń ké bó ti ń sáré bọ̀, irun díẹ̀ tó kù lórí rẹ̀ ń fẹ́. "Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ̀yin ẹlẹ́nu ṣọ́rọ́, ṣé ẹ gbọ́ ọmọ mi? Ó súfèé!" Wọ́n fa Clem jáde, wọ́n gbé e sórí, wọ́n ń bú u, wọ́n ń kí i. Ẹnì kan ń bèèrè bóyá ó ti fi wáyà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Clem ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì wà lára ọgbà igi yẹn.

Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀, Enoch rí ihò mẹ́jọ lójú apá òsì. Ó ṣí ìdérí abẹ́ rẹ̀, ó sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Okùn wáyà tó ń darí apá náà, tó nípọn tó ìka, ọta ti gé e. Fọ́nrán wáyà méjì ló kù tó so ó pọ̀, èyí kò sì nípọn ju òwú lọ.

"Sájẹ́ǹtì," ó ní, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ṣó o bẹ̀rẹ̀ sí í yí i?"

"Mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Enoch kò bá a wí. Ó jókòó sórí koríko, ó sì fọwọ́ bo ojú.

Clem kò dúró. Bó ti wà nínú bàtà òfurufú rẹ̀ ló ṣe gba inú ọgbà igi kọjá, ẹ̀gún ń ha á, ó ń wá ibi tí yóò da ìbínú rẹ̀ sí. Jabez ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó ti jókòó báyìí, ó ṣì kọ̀yìn sí pápá bàálù.

"Bàbá! Kí ló dé tẹ́ ẹ kọ̀yìn sí mi? Gbogbo oko ló wò mí, àfi ẹ̀yin! Kí ni mo ṣe fún yín?"

Jabez yíjú. Ojú ọkùnrin náà ti pọ́n, ó sì ti wú. Ó sọ̀kalẹ̀, ó di Clem léjìká mú, ó tẹ apá rẹ̀ ọ̀tún, ó tẹ ti òsì, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀.

"Ṣé gbogbo ara ẹ pé?"

"Ó pé. Bàbá, mo ní kí ló—"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ni Jabez wí. "Ọmọ tó já sínú oko yẹn. Mo fẹ́ fà á jáde, iná ò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn. Mo dúró síbẹ̀, mo wá rántí pé èmi fẹnu ara mi ní kí ìwọ náà wá ṣe é. Lórí oko mi níbí." Ó nawọ́ sí igun oko náà. "Látọjọ́ náà, tí n bá ti gbọ́ yín, n kì í lè wòkè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ìdí ọgbà yẹn láti sọ fún ẹ pé mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ojú tì mí, mo padà. Lónìí mo gbọ́ súfèé, mo ní ó parí, ó ti já tiẹ̀ bọ́, ó ń bọ̀ wá mú ìlérí ṣẹ. Mo ń dúró kí n gbọ́ ìró ẹ̀ nílẹ̀."

Gbogbo ìbínú tí Clem gbé wá ti tán, ìtìjú ló kù.

"Clem," ni bàbá rẹ̀ wí, "sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o tiẹ̀ gbèrò àtiyí i?"

Clem wo ojú náà. Ó wo ọwọ́ gbọọrọ méjèèjì tó di ẹ̀wù òun mú. Ó rántí fọ́nrán wáyà méjì.

"Rárá o, Bàbá," ó ní. "Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn."

Jabez mi orí, ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀. "O ṣe dáadáa," ó ní. "O ṣe dáadáa, ọmọ mi."